Wáyà Tó Ń Gba Orí Wa Kọjá: Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Dé Ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Láti Ìwé Ìròhìn Títí Dé Starlink

1/ Ẹ gbọ́ ná. Ní 1971, wọ́n ṣí ibùdó sátẹ́láìtì kan ní Lánlátẹ̀ ní Ìbàràpá, téèyàn bá gba ọ̀nà Èrúwà jáde ní Abẹ́òkúta. Díìṣì irú ibùdó bẹ́ẹ̀ nígbà náà fẹ̀ tó nǹkan bíi 30 mítà. Òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lónìí, díìṣì tó wà lórí òpó ní oko wa lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá kò fẹ̀ tó àtẹ tí wọ́n fi ń pàtẹ ata ní Kútọ̀. Thread yìí gùn o, ẹ wá nǹkan jẹ sẹ́nu.

2/ Àwa ọmọ ìsinsìnyí máa ń sọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì bíi pé orí wa ni gbogbo ọ̀rọ̀ “ta ni ìròyìn máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀” ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ó ti lé ní 160 ọdún tí a ti ń fà á. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ di mú bí ẹ ṣe ń kà á lọ: wáyà yìí, iwájú ilé ta ló dúró sí?

3/ Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí Ẹ̀gbá ṣe ń gbé. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn èèyàn wa dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ààbò ni wọ́n wá. Ìlú ni ilé, ṣùgbọ́n oko ni oúnjẹ wà. Ẹni tó ní ilé ní Aké tàbí Ìtòkú á tún ní abúlé lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, Ọbáfẹ́mi, Wásinmi tàbí Ifọ̀. Bí ọdún bá dé, bí àgbà bá kú, gbogbo wọn á padà sílé. Ẹsẹ̀ àti ẹnu ló ń gbé ìròyìn láàárín ìlú àti abúlé.

4/ Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó ìjọ CMS, tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá nìyẹn, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì ń jáde. Ọ̀rọ̀ ìjọ, ọ̀rọ̀ òwò, ẹni tó dé, ẹni tó kú, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kí ìlú púpọ̀ ní Áfíríkà tó mọ bí ìwé ìròyìn ṣe rí, ọmọ Ẹ̀gbá ti ń kà á ní èdè ìyá rẹ̀.

5/ Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ní ẹnu. Townsend máa ń fi ìwé yẹn sọ èrò tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìlú. Nígbà tí àárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà l’Ékòó bàjẹ́, àwọn ará ìlú dìde ní 1867, wọ́n wọ ilé ìjọ, wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde. Ìfọ́lé ni àwọn àgbà ń pè é. Bí Ìwé Ìròhìn ṣe dákẹ́ nìyẹn. Ó lo ọdún mẹ́jọ péré.

6/ Lẹ́yìn ìyẹn, wáyà dé. Ní 1886, okùn tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1896 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó, ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ibi tí irin bá gbà, òpó tẹligíráàfù a bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ọkọ̀ ojú omi wá ń lọ láàárín wákàtí díẹ̀.

7/ Ó dáa, àmọ́ fún ta ni? Ìjọba àti àwọn oníṣòwò ńlá ló ń tẹ wáyà. Bàbá àgbẹ̀ tí òpó wà láàárín oko rẹ̀ ò lè fi ṣe nǹkan kan. Ó ń gbọ́ bí wáyà ṣe ń kùn nínú afẹ́fẹ́ lórí iṣu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń kọjá, kò kàn án. Ẹ rántí àwòrán yìí. Ó máa padà wá.

8/ Ní 1914, ìjọba Lugard gba òmìnira Ẹ̀gbá. Ká tó dé ibẹ̀, a ní ìjọba tiwa tí wọ́n ń pè ní Egba United Government láti 1898. Nígbà tó di 1918, wọ́n gbé owó orí tuntun dé, iṣẹ́ àfipáṣe náà sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ó bú gbàmù. Ogun Adùbí nìyẹn. Kí ni àwọn ará oko kọ́kọ́ kọjú sí? Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n dojú ọkọ̀ dé, wọ́n ja wáyà tẹligíráàfù, wọ́n kọlu ibùdókọ̀ Wásinmi.

9/ Ìwé òyìnbó máa ń pè é ní ìbàjẹ́ lásán. Èmi ò gbà. Àwọn èèyàn yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ojú irin ni sójà máa gbà wá. Ojú wáyà ni wọ́n máa fi pè wọ́n. Kò sí ìgbà kan tí wáyà yẹn bá wọn gbé ẹjọ́ wọn lọ sí Èkó, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ mú wọn ló ń wúlò. Sójà dé lóòótọ́, àárín oṣù kan wọ́n ti pa ogun náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló sì bá a lọ.

10/ Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní 1935 ìjọba bẹ̀rẹ̀ rédíò oníwáyà l’Ékòó, ó dé Ìbàdàn ní 1939, nígbà tó yá ó dé Abẹ́òkúta náà. Àpótí kan ni wọ́n máa ń kàn mọ́ ara ògiri, wáyà ló ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀. O ò lè yí ibùdó padà. Orúkọ tí àwọn èèyàn wa sọ ọ́ ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọlé Ṣóyínká náà dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké.

11/ Ẹ tún orúkọ yẹn kà dáadáa. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ta ló ní Yorùbá ò mọ bí a ṣe ń ṣe àlàyé ẹ̀rọ? Ọ̀rọ̀ kan péré, wọ́n ti sọ gbogbo ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ẹ̀rọ ìjọba yẹn. Inú ìlú nìkan ló sì wà, torí pé ibi tí wáyà bá dé ló ń dé. Abúlé? Rárá o.

12/ Ẹ má sì rò pé àìsí wáyà túmọ̀ sí àìsí agbára. Ní 1947 tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta kọjú sí owó orí àwọn obìnrin, ojú ọjà ni network wọn. Obìnrin tó wá ta láfún ní Ìtòkú lónìí á gbé ọ̀rọ̀ padà sí oko lọ́la. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló dà sí iwájú ààfin. Ní oṣù Kínní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè fúngbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi WhatsApp pè wọ́n.

13/ Ó yá, Lánlátẹ̀. NET, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìpè sókè òkun, ló kọ́ ibùdó náà. Sátẹ́láìtì Intelsat ló ń bá sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí díìṣì rẹ̀ fi tóbi tó bẹ́ẹ̀? Sátẹ́láìtì náà wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà sókè. Ibẹ̀ jìn débi pé ó ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, bí ayé náà ṣe ń yí. Lójú àwa tó wà nílẹ̀, ṣe ló dúró sójú kan. Ohùn tó bá ti ibẹ̀ dé ilẹ̀ ti rẹ̀, etí ńlá ló lè gbọ́ ọ.

14/ Wọn kì í kọ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sí àárín ìlú, torí ariwo rédíò inú ìlú máa ń dà á láàmú. Nítorí náà ẹ wo àwàdà tó wà níbẹ̀: àárín oko ni wọ́n gbé e sí, àwọn àgbẹ̀ Ìbàràpá ń rí i lójoojúmọ́, ohùn Nàìjíríà sí gbogbo ayé ń gba ibẹ̀ kọjá, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ pe Lọ́ńdọ̀nù láti abúlé tó wà nítòsí, ìlú ńlá ló máa wọkọ̀ lọ. Òpó 1918 náà ni, ojú ọ̀run ló kàn gbà.

15/ Ní 1985 wọ́n da NET pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹlifóònù P&T, ó di NITEL. Ẹ bi àwọn òbí yín bí èèyàn ṣe ń tò láti fi fóònù pe ẹni tó wà l’Ámẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 2001, gbogbo ìlà tẹlifóònù Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, àwa tó ti lé ní 100 mílíọ̀nù.

16/ Oṣù Kẹjọ 2001, GSM dé. ₦50 ni ìṣẹ́jú kan. Ní 2003 Glo gbé owó ìṣẹ́jú àáyá dé, gbogbo ayé wá ń pe ara wọn. Àmọ́ òpó network, òwò ni. Ibi tí èèyàn pọ̀ sí tí owó máa wọlé ni wọ́n ń rì í mọ́. Abúlé tí ò ju ilé mẹ́wàá lọ, ta ló máa torí ẹ̀ ra dísù sínú jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́? Ọ̀pọ̀ lára yín ló mọ àpáta tàbí igi kan ní abúlé yín tí wọ́n ń pè ní “ibi network”.

17/ Ìjọba wa náà gbìyànjú o. Oṣù Karùn-ún 2007, NigComSat-1 gbéra láti China. Oṣù Kọkànlá 2008, agbára tán nínú rẹ̀, ó kú sójú ọ̀run. NigComSat-1R rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2011. Òun náà wà níbi jíjìn yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: ìbéèrè gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, èsì gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. 36,000 lọ́nà mẹ́rin, 144,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sá 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ti lọ kí ẹni kejì tó dá yín lóhùn.

18/ Ohun tí Starlink yí padà nìyẹn. Sátẹ́láìtì tiwọn wà ní nǹkan bíi 550 kìlómítà péré. Ìrìn àjò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó 2,500 kìlómítà. Àmọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè dúró sójú kan, ó gbọ́dọ̀ sáré: nǹkan bíi 27,000 kìlómítà ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa lò lórí yín, òmíràn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Oṣù Kínní 2023 ló bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, àwa la kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà.

19/ Ẹ rántí oṣù Kẹta 2024? Okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Côte d’Ivoire. Báńkì dúró, transfer ò lọ. Láti 1886 títí di ọjọ́ yẹn, abẹ́ òkun náà la ṣì gbójú lé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gba ojú ọ̀run kọjá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

20/ Ó wá kan ilé wa. Bàbá Àgbà kọ́ ilé kan sí abúlé wọn lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Òpó iná dúró sí ẹ̀bá títì, kò wọ inú rí. Lẹ́yìn tí Bàbá Àgbà kú, Màmá Àgbà nìkan ló kù síbẹ̀. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ káàkiri Ògùn ti ń wá, ẹbí sì ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè tí wọ́n bi wá ò ní àbùjá: nínú ẹ̀yin ọmọ, ta ló máa gbé ibẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbé e, kí la ń tọ́jú ẹ̀ fún?

21/ Èmi ni mo ní mo máa gbé e. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe, fídíò àti ìwé kíkọ, ibi tí dátà bá wà ni mo lè ti ṣe é. Wọ́n fún mi ní ọdún kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dá owó díẹ̀ sí i, bàbá mi náà dá. Bí a ṣe ra díìṣì nìyẹn.

22/ Ohun àkọ́kọ́ tí wọn kì í sọ fún yín: díìṣì yìí ò fẹ́ igi. App wọn máa ní kí ẹ gbé kámẹ́rà fóònù sókè, kí ẹ fi wo gbogbo ojú ọ̀run. Ibi tí ewé bá bò, ọ̀rọ̀ á máa já níbẹ̀, torí sátẹ́láìtì ń gba ibẹ̀ kọjá. Tiwa, igi máńgòrò tí Bàbá Àgbà gbìn ló bo ìdajì ojú ọ̀run. Ẹnìkan ní ká gé e. Màmá Àgbà ò tiẹ̀ gbé ohùn sókè: “Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní torí fóònù gé igi ọkọ mi.”

23/ Ọ̀rọ̀ parí. A ri páìpù irin gígùn mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, nítòsí ibi tí a ń sá láfún sí, níbi tí ojú ọ̀run ti là. A da kọnkéré sí ìdí rẹ̀. A fi wáyà bàbà so páìpù náà mọ́ irin tí a rì mọ́lẹ̀, nítorí àrá. Ẹ má fojú kéré àrá oṣù Kẹrin.

24/ Ìkejì: iná. Díìṣì wa ń jẹ nǹkan bíi 75 wáàtì. Ó dà bíi kékeré, àmọ́ kì í sinmi. 75 lọ́nà 24, ó di 1,800 lójúmọ́. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí méje àárọ̀, ó máa jẹ nǹkan bíi 975. Bátìrì 12 fóòtì, 200Ah, ní 2,400 nínú lórí ìwé. Tó bá jẹ́ ti ásíìdì, ìdajì ni kí ẹ lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́: 1,200. Bátìrì kan gbé díìṣì di àárọ̀ nìyẹn, kò sí nǹkan gidi kù fún gílóòbù àti fáànù.

25/ Páànẹ́lì sólà méjì onílọ́nà 300, bí oòrùn bá mú dáadáa fún wákàtí mẹ́rin, 2,400. Ó tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú òjò oṣù Keje, kò tó. Àwa máa ń pa díìṣì ní aago mọ́kànlá alẹ́. Díìṣì kékeré tí wọ́n ń pè ní Mini ń jẹ 25 sí 40 péré, ẹni tí ò lówó sólà púpọ̀, kó wo ìyẹn. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, ó lè já fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ fara balẹ̀, ó máa padà.

26/ Kí ló ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà? Mò ń ṣiṣẹ́. Ọmọ méjì lójúlé kejì wo èsì JAMB wọn níwájú ilé wa láì wọkọ̀ dé ìlú. Màmá Àgbà ń rí ojú ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó sì ń bá a jà lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé, “Èyí ń gbèsì.” Mi ò kọ́ ọ. Ẹni tó bá asọ̀rọ̀mágbèsì dàgbà ló mọ ìyàtọ̀ náà.

27/ Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká jó kọjá ìlù ṣá. Owó ńkọ́? Ní 2024 wọ́n kéde pé ₦38,000 oṣooṣù máa di ₦75,000. NCC ní àwọn ò fọwọ́ sí i, wọ́n dá a dúró. Nígbà tó di 2025, ó ṣì gòkè sí ₦57,000. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ wo ohun tó kù. Ilé bíi tiwa tí èèyàn mẹ́ta ń dá owó lè gbé e. Ọ̀pọ̀ abúlé ò lè gbé e.

28/ Ta ló ni ín? Ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ní Amẹ́ríkà, SpaceX ti Elon Musk. Ọwọ́ wọn ni bọ́tìnnì wà. Townsend ló ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Gẹ̀ẹ́sì ló ni tẹligíráàfù, ìjọba ló ni àpótí ara ògiri. Èyí ni àkọ́kọ́ tó wọ abúlé tó sì ń gba èsì lọ́wọ́ wa, mo dúpẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó yá ni lẹ́nu lè gbà á padà.

29/ Nítorí náà, èrò mi rèé. Ẹni tó bá lè so ó, kó so ó, pàápàá bí ilé ẹbí bá fẹ́ lọ sọ́wọ́ alágbàtà nítorí pé kò sẹ́ni tó lè gbé e. Àmọ́ ká má sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ àti aṣòfin wa pé ọ̀rọ̀ ti tán. Òpó iná tó dúró sí ẹ̀bá títì ṣì jẹ wọ́n ní gbèsè. Díìṣì ò lè san gbèsè yẹn.

30/ Ọdún tí ẹbí fún mi ku oṣù mẹ́rin. Wọn ò tíì ta ilẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín: ọdún wo ni ohùn kọ́kọ́ ti ìlú òkèèrè dé abúlé yín, kí ló gbé e wá, ta ló sì ní in? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ níbí kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó lọ tán.